Tọ́bò tàbí èyí tí kò ní tọ́bò? BMW Z4 35i àti Nissan 370Z ló wà níwájú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AkínAkóbọ̀ | Sátidé, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin olólùfẹ́ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó kówó sílẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn mọ́tò onílẹ̀kùn méjì. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Corolla tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ṣì ń lọ dáadáa, n kò ní tà á. Owó tí mo fi ọdún mẹ́rin tọ́jú ni mo fẹ́ fi ra mọ́tò sípọ́ọ̀tì kan tí n ó máa gbé jáde lópin ọ̀sẹ̀, tí n ó máa gbé lọ sí Ìlọrin tàbí Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Akóbọ̀ n'Íbàdàn ni mò ń gbé.

Méjì ni mo ti rí, Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni méjèèjì, òtómátíìkì sì ni méjèèjì. Èkínní ni BMW Z4 sDrive35i ti 2010: sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.0, tọ́bò méjì tó ń rọ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni Nissan 370Z ti 2012: sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.7, kò ní tọ́bò kankan. Iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò jìnnà síra.

Mo ti wa méjèèjì díẹ̀. Z4 yẹn, ẹsẹ̀ kò tíì tẹ tọ́tù dé ìdajì tó fi gbá mi mọ́ àga. 370Z kì í kánjú ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ṣe kọjá 5,000 ní ìṣẹ́jú kan báyìí, ohùn rẹ̀ yí padà, orí mi wú. Títí mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà létí.

Ìyàwó mi ní kí n ra èyí tí kò ní dá mi dúró lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní ayé ti kúrò lórí èyí tí kò ní tọ́bò. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, pẹ̀lú epo wa, oòrùn wa àti títì wa, èwo ni kí n mú?

Kọ́lá_Ọ̀yọ́ | Sátidé, 8:30 àárọ̀

370Z. Mú un, kó o sì gbàgbé tọ́bò.

AkínAkóbọ̀ | Sátidé, 8:34 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Owó ọdún mẹ́rin ni.

Bùkọ́lá_Ẹnjinía | Sátidé, 9:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n Akin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ẹ óò rí i pé ohun tí ẹsẹ̀ yín gbọ́ àti ohun tí etí yín gbọ́, ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń mí fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì bá fà wọlé, òun náà ló máa lò. Bó bá fẹ́ agbára sí i, àfi kó yára mí, ìyẹn ni pé kó sáré. Ìdí nìyí tí 370Z fi ní láti gòkè: 332 ẹṣin agbára rẹ̀, orí 7,000 ló ti ń pé, ó sì lè lọ títí dé 7,500. Z4 35i ní nǹkan bí 300, kò tó ti Nissan, ṣùgbọ́n tọ́bò ti ń rọ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu láti ìsàlẹ̀. Gbogbo agbára tó fi ń fa ọkọ̀ ti pé láti nǹkan bí 1,400, nígbà tí ti Nissan kò tíì pé títí di 5,200. Ohun tó gbá yín mọ́ àga nìyẹn.

Èéfín gbígbóná tó ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Abẹ̀bẹ̀ yẹn lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èéfín tó ń yí i sì lè gbóná dé ìwọ̀n Celsius 900. Igi tó gbé abẹ̀bẹ̀ náà kò fara kan irin. Orí ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju awẹ́ àlùbọ́sà lọ ló ń léfòó lé. Kí ọ́ìlì yẹn dọ̀tí, kó dínkù, kó jẹ́ ayédèrú, tọ́bò ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, kí ibòmíràn tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo náà wà ńbẹ̀. Oríṣi bẹntiróò kan ṣoṣo ni ilé epo wa ń tà. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kó àwọn mọ́tò yìí wá, epo tó wọ́n jù lórí pọ́ǹpù ni wọ́n ní kí á máa bu sínú méjèèjì. Bí ọ́kítéènì epo bá rẹlẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀, ó lè gbiná kí iná pọ́lọ́ọ̀gì tó dé gbogbo rẹ̀, ẹ óò gbọ́ kọ́kọ́kọ́, ohun tí a ń pè ní nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì ayé òde òní ní etí tó fi ń gbọ́ ìró yìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì fà á sẹ́yìn. Nissan á pàdánù díẹ̀, yóò sì máa lọ. Èyí tó ní tọ́bò ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ooru àti ìfúnpọ̀ yẹn ló ń fa nọ́ọ̀kì, nítorí náà òun ni kọ̀ǹpútà máa ń dì mú jù. Agbára tí ẹ sanwó fún, ẹ lè má rí gbogbo rẹ̀ gbà lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú epo tiwa.

BàbáÌbejì_Ògèrè | Sátidé, 11:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ tọ́bò yìí, ojú mi ti rí i. N kò ní dárúkọ mọ́tò náà, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é.

Mọ́tò kékeré kan ni, lítà 2.0, tọ́bò kan. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé e rìn láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ó ń sáré bí àgbọ̀nrín. Ìwé tó bá a wá ní kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn kìlómítà 15,000, mo tẹ̀lé ìwé. Ẹ̀bá títì ni ọmọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe ti ń ra ọ́ìlì. Agolo rẹ̀ dára, orúkọ tó wà lára rẹ̀ dára, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò dára. Àṣà tèmi náà tún wà ńbẹ̀: bí mo bá ti eré 120 wọlé, mo ti pa iná kí taya tó dúró tán.

Lọ́jọ́ kan, ó kù díẹ̀ kí n dé Ògèrè, mo gbọ́ ohùn kan tó ń hu bí súfèé. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí, n kò rí títì mọ́, èéfín aláwọ̀ búlúù ti bo gbogbo rẹ̀. Tírélà tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè kíkankíkan. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa á. Igi tọ́bò ti dá, ọ́ìlì sì ń dà lọ tààrà sínú sàlẹ́ńsà.

Nígbà tí wọ́n tú u, mẹkáníìkì pè mí, ó ní kí n wá wo nǹkan. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, inú rẹ̀ ti dí pa. Ó fi ṣúkúdíráfà há a, ohun tó ń jábọ́ dúdú, ó gbẹ, ó dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná. Mo tọ́jú ẹyọ kan lára rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi di òní.

Owó tí mo fi ra tọ́bò míràn tó ìdá mẹ́ta iye tí mo ra mọ́tò náà.

Bùkọ́lá_Ẹnjinía | Sátidé, 11:21 àárọ̀

Ẹ kú ewu, Bàbá Ìbejì. Ohun tí ẹ rí yẹn, ọ́ìlì tó sun ni. Bí ẹ bá pa iná lójijì lẹ́yìn eré, ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò dúró sójú kan, irin tó yí i ká sì ṣì ń pọ́n. Ó ń sè ńbẹ̀ títí á fi di èédú. Ọ̀pọ̀ tọ́bò òde òní ní omi tó ń yí i ká láti dín èyí kù, ìyẹn dára, àmọ́ kò sọ pé kí á má ṣe fi ìṣẹ́jú kan sí méjì rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kí á tó dúró. Ní ti kìlómítà 15,000 yẹn, ẹ pín in sí mẹ́ta nílẹ̀ wa.

Ayọ̀Peckham | Sátidé, 1:40 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi ìyà jẹ tọ́bò ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún keje rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ oní tọ́bò, kò já mi sílẹ̀ rí. Epo oní ọ́kítéènì 99 ni mò ń bù sí i. Ọ́ìlì rẹ̀ kì í kọjá kìlómítà 8,000 lọ́wọ́ mi. Kí n tó rà á, mo fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wo gbogbo àyẹ̀wò MOT, àyẹ̀wò ìlera ọkọ̀ tí ìjọba ń béèrè níbí, tó ti ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀.

Ayọ̀ tí tọ́bò ń fúnni, ojoojúmọ́ ni. Ènìyàn mélòó ló ń rí ibi tí yóò ti gbé abẹ́rẹ́ dé 7,000? Láàárín 2,000 sí 4,000 ni gbogbo wa ń gbé, ibẹ̀ gan-an sì ni Z4 35i ti dùn jù. Bí ìtàn Z4 yẹn bá pé pérépéré, tí gbogbo ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà ńlẹ̀, èmi á mú un.

Síbẹ̀, n kò ní parọ́, ẹni tó fẹ́ràn ohùn ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. Nígbà tí Porsche yọ sílíńdà mẹ́fà tí kò ní tọ́bò kúrò nínú Cayman àti Boxster ní 2016, tí wọ́n fi sílíńdà mẹ́rin oní tọ́bò rọ́pò rẹ̀, ó yára sí i, epo tó ń mu dínkù, àwọn ènìyàn sì ń kédàárò ohùn rẹ̀. Ní 2020, wọ́n dá sílíńdà mẹ́fà lítà 4.0 aláìnítọ́bò padà sínú irú wọn tí wọ́n ń pè ní GTS. Nítorí náà ohun tó ń ké létí yín kó tó di pé ẹ sùn, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ó wù mí kí n bá yín wá ọ̀kan níbí, ẹ̀gbọ́n Akin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ṣíáríǹ tiwa wà. Láti 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ti Amẹ́ríkà ló bá yín mu.

Ọ̀gáLádípọ̀ | Sátidé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì, mo sì gbọ́ ohun tí gbogbo yín sọ. Ayọ̀, ọmọ mi, òótọ́ lo sọ fún Lọ́ńdọ̀nù. Epo 99 tó o ń bù yẹn, níbo ni Akin ti fẹ́ rí i láàárín Akóbọ̀ sí Ìwó Road?

Akin àbúrò mi, n kò bá tọ́bò ṣọ̀tá. Mo tún un ṣe, mo sì ń jẹun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ àwọn méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì Z4 35i yẹn, N54 ni à ń pè é. Alágbára gidi ni, irin rẹ̀ le. Ohun tó yí i ká ló ń dààmú. Pọ́ǹpù epo alágbára rẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ tí BMW fi pe mọ́tò bíi 130,000 padà ní Amẹ́ríkà ní 2010, Z4 35i wà lára wọn. Ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wò ó bóyá wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀. Íńjẹ́ktọ̀ rẹ̀ wọ́n bí ojú, mẹ́fà sì ni. Ilẹ̀kùn kékeré tó ń tú èéfín sílẹ̀ lára tọ́bò máa ń jẹ, á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ inú agolo. Páìpù ike tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé máa ń sán. Pọ́ǹpù omi rẹ̀, iná mànàmáná ló ń yí i, bí ó bá fẹ́ kú, kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó kú tán. Níwọ̀n bí ó sì ti ń tú epo tààrà sínú sílíńdà, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáfù mọ́, èédú á kó síbẹ̀. Àfi kí á tú u, kí á fi ìyẹ̀fun èèpo èso fọ́n ọn kó tó mọ́.

Nissan kò pé tán, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́. Gáskẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè, ó máa ń ya. Bí ó bá ya, agbára ọ́ìlì á wálẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì náà kò wọ́n, iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀, torí iwájú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tú. Tó bá jẹ́ oníjíà ọwọ́ ni, mà bá tún bá ọ sọ̀rọ̀ nípa kílọ́ọ̀ṣì, òtómátíìkì ni tìrẹ, ó ti yọ. Ọ́ìlì rẹ̀ tún máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ bí èèyàn bá ń fi í sáré fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì 370Z yẹn, VQ37, òun náà ló wà nínú Infiniti G37. G37 kún ojú títì wa. Tó o bá wọ Ládípọ̀ lónìí, tó o béèrè sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kọ́ìlì rẹ̀, àní odidi ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn á gbé e wá kó o tó mu pio wọ́tà tán. Béèrè tọ́bò méjì N54, wọ́n á wo ojú rẹ, wọ́n á wo aṣọ rẹ, kí wọ́n tó dá iye lé e.

TúndéJọ́ọ̀sì | Sátidé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ rántí àwa tá a wà lórí òkè. Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, mọ́tò tí kò ní tọ́bò sì ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Tọ́bò kì í fẹ́ mọ̀ ọ́n, á kàn yí sí i ni. Otútù ibẹ̀ sì bá a lára mu. Bí ẹ̀gbọ́n Akin bá jẹ́ ará ibí, Z4 ni mà bá ní kí wọ́n mú. Ní Ìbàdàn tí kò ga ju nǹkan bí 200 mítà lọ, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ sì pọ̀, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣadé370 | Sátidé, 8:47 alẹ́

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo sì ní 370Z, ọdún kẹta rèé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí gbígbé pẹ̀lú rẹ̀ ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́.

Ó lọ sílẹ̀. Gbogbo gálọ́pù láti ilé mi dé Pànṣẹ́kẹ́ ni mo mọ̀ lórúkọ. Taya ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó wọ́n. Ariwo títì ń wọlé gan-an, ẹni tó bá fẹ́ fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á pariwo. Epo ń lọ, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, mo ti dín ìrìn àjò kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Agogo kékeré mẹ́ta wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n kọjú sí awakọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó. Mo fẹ́ràn agogo yẹn ju gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ. Láàárọ̀, n kì í tẹ̀ ẹ́ kọjá 3,500 títí abẹ́rẹ́ náà fi gbéra nílẹ̀. Lọ́sàn-án, lójú ọ̀nà Ṣàgámù, bí mo bá rí i pé ó ń gòkè ju ibi tó máa ń dúró sí lọ, mo ń yọ ẹsẹ̀, ó ń padà. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mú ọ́ìlì tutù sí iwájú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àtìgbà náà n kò rí i kó sún kọjá ààyè rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn náà. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, tí títì dá, mo máa ń gbé e jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ tí mo bá fi tẹ̀ ẹ́ ni ó ń dáhùn, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n kan, ìwọ̀n yẹn gan-an ló ń fún mi. Kò sí pé ó dúró ronú, kò sí pé ó fò lójijì. Nínú kọ́nà, ìyẹn níye lórí gan-an fún mi. Mo ti wa tọ́bò àbúrò mi, ó yára, mo gbà, ṣùgbọ́n ṣe ni mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú kọ́nà.

Ayọ̀Peckham | Sátidé, 9:30 alẹ́

Àǹtí Ṣadé, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Ọ̀gá, kí lẹ rí sí Z4 sDrive30i? Ara Z4 kan náà, 255 ẹṣin, lítà 3.0, kò ní tọ́bò. Wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà kí oní sílíńdà mẹ́rin tó gba ipò rẹ̀.

Ọ̀gáLádípọ̀ | Sátidé, 9:58 alẹ́

N52 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó dùn mọ́ mi nínú ni. Kò ní tọ́bò, kì í tú epo tààrà sínú sílíńdà, fáfù rẹ̀ kì í dọ̀tí. Ó ń jo ọ́ìlì lójú ìdérí òkè àti níbi àpótí fílítà, pọ́ǹpù omi oníná ni tirẹ̀ náà, gbogbo ìyẹn ní àtúnṣe. Kí ẹni tó fẹ́ tú u ṣọ́ra ni mo fi ń bẹ yín: magnẹ́síọ̀mù wà lára bílọ́ọ̀kù rẹ̀, bóòtù aluminíọ̀mù ni wọ́n fi dè é. Bóòtù yẹn, tó o bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan, jù ú nù, ra tuntun. Bóòtù irin lásán á jẹ bílọ́ọ̀kù náà run. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí, mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ba ẹ́ńjìnnì tó dára jẹ́.

Akin, bó o bá rí 30i tó mọ́, wò ó. Àmọ́ ti àwọn méjì tó wà níwájú rẹ, má sanwó kankan. Gbé mẹkáníìkì lọ. Kí ó bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, kí ẹni tó ń tà á má ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń sọ òótọ́. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, ẹ wo ohun tó bá ìka jáde. Ẹ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó ga jù. Ti tọ́bò, ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná, lẹ́yìn náà kí ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ lójijì, kí ìwọ dúró lẹ́yìn. Wo àwọ̀ èéfín. Kí ẹ sì tú páìpù afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ìka méjì mi abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Ìmì díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kò burú. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn, ẹ dá a padà, ẹ máa bọ̀ nílé.

AkínAkóbọ̀ | Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ti dé.

Èmi àti mẹkáníìkì kan tí Ọ̀gá Ládípọ̀ júwe fún mi lọ wò wọ́n lánàá. Z4 la kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná nígbà tí a dé, ẹni tó ń tà á ní òun fi gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mẹkáníìkì kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí a jókòó, a dúró dè é wákàtí mẹ́ta títí ó fi tutù. Mo ti san owó díẹ̀ láti wo ìtàn VIN rẹ̀: ọjà gbàǹjo ló ti wá, ọkọ̀ tó ti ní jàm̀bá níwájú ni. Nígbà tí a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, a rí i pé ẹnìkan ti tún ètò ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ kí tọ́bò lè máa fún afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Búlúù ni, ó sì dúró lójú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tán. Ó fa páìpù yọ, ó fi ìka méjì mú abẹ̀bẹ̀, ó ní kí èmi náà mú un. Mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi, kẹ̀-kẹ̀, síwá, sẹ́yìn. Ó dùn mí, torí mọ́tò tó rẹwà ni, ẹni tó lò ó ni kò ṣìkẹ́ rẹ̀.

A bọ́ sí ọ̀dọ̀ 370Z nírọ̀lẹ́. Tútù la bá a. VIN rẹ̀ mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó lọ́hùn-ún. Ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu. Ìka tí a tì bọ ẹnu ìdérí ọ́ìlì, ọ́ìlì nìkan ló bá jáde, kò sí ẹrẹ̀. Agbára ọ́ìlì rẹ̀ dára ní tútù àti ní gbígbóná, mẹkáníìkì fi gééjì tirẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì yẹn. Ohun tí a rí ni taya ẹ̀yìn: 2414 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún 2014. Ojú rẹ̀ ṣì ní eyín, ara rẹ̀ ti sán. Mo yọ owó taya méjì kúrò nínú iye rẹ̀, a dúnàá dúnàá títí ilẹ̀ fi ṣú, ó gbà.

Mo ti rà á. Ó wà nínú ọgbà mi. Ìyàwó mi jókòó sínú rẹ̀ lálẹ́ àná fún nǹkan bí wákàtí kan, a kò lọ síbì kankan.

Ṣadé370 | Ọjọ́rú, 7:26 alẹ́

Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣe yín lóore. Ẹ má gbé e sáré lórí taya yẹn rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ayọ̀Peckham | Ọjọ́rú, 7:51 alẹ́

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ìka méjì yẹn gba owó ọdún mẹ́rin là. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá bí ilẹ̀ bá mọ́.

AkínAkóbọ̀ | Ọjọ́rú, 8:03 alẹ́

Taya ń bọ̀ lọ́la, àǹtí Ṣadé. Ọ̀gá, ọ́ìlì wo ni kí n rà, mélòó ni, níbo ni kí n ti rà á?

Ọ̀gáLádípọ̀ | Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́

5W-30, síńtẹ́tíìkì pátápátá. Nǹkan bí lítà márùn-ún ló ń gbà pẹ̀lú fílítà. Ọ̀dọ̀ aṣojú tó ń kó o wọlé ni kó o ti rà á, gba rìsíìtì, má ra ti ẹ̀bá títì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ìyá wọn búra fún ọ pé ojúlówó ni. Lẹ́yìn kìlómítà 5,000, pààrọ̀ rẹ̀. Fílítà tó wà lára rẹ̀ báyìí, má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Dì í sínú ọ̀rá, gbé e wá fún mi. Mo fẹ́ là á, kí n wo inú bébà rẹ̀ bóyá irin ń tàn níbẹ̀.

AkínAkóbọ̀ | Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́

Mo ti gbọ́, sà. Ọjọ́ Ajé ni n ó gbé e wá, Corolla ni n ó sì gbé wá.